Ẹ̀yin dókítà àti nọ́ọ̀sì, ẹ bi wá pé ó ń ṣe wá bí ẹni ọdún mélòó

Sí ẹ̀yin dókítà àti nọ́ọ̀sì tí ẹ ń tọ́jú àwa àgbàlagbà,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú àìsùn, ẹ sì kú sùúrù pẹ̀lú wa. Ẹni ọdún 72 ni mí, ohun tó wà nínú fáìlì mi nìyẹn, òótọ́ sì ni, mi ò yọ ọ̀kankan kúrò nínú ẹ̀ rí. Àmọ́ tí ẹ bá bi mí pé báwo ló ṣe ń ṣe mí nínú lọ́hùn-ún, màá sọ fún yín pé ó ń ṣe mí bí ẹni ọdún 55, lọ́jọ́ míì 50, tí orúnkún bá sì ń ro mí ó lè ti di 80 kí ọ̀sán tó pọ́n. Ohun tó ń dùn mí ni pé kò sẹ́ni tó bi mí rí nínú yín. Látìgbà tí mo ti ń wá sọ́dọ̀ yín, ọjọ́ ìbí lẹ máa ń bèèrè, ẹ ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó tán. Mo fẹ́ kí ẹ máa bèèrè ìkejì náà, kí ẹ sì máa kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àkọ́kọ́. Ẹ̀bẹ̀ mi ò jù bẹ́ẹ̀ lọ, àmọ́ ẹ jọ̀ọ́ ẹ jẹ́ kí n rojọ́ mi dáadáa, torí tí mo bá kàn sọ ọ́ báyìí ẹ lè rò pé màmá yìí fẹ́ kí wọ́n máa pe òun ní ọ̀dọ́ ni.

Kì í ṣe èmi nìkan ló rí bẹ́ẹ̀ fún. Lọ́dún 2006, David Rubin ti Yunifásítì Duke ní Amẹ́ríkà àti Dorthe Berntsen ti Yunifásítì Aarhus ní Dẹ́ńmáàkì gbé ìwádìí kan jáde, èèyàn 1,470 ni wọ́n bi léèrè ní Dẹ́ńmáàkì, láti ẹni ọdún 20 títí dé ẹni ọdún 97. Àwọn ọ̀dọ́ tí ò tíì pé 25, ó ń ṣe wọ́n bíi pé wọ́n dàgbà ju ọjọ́ orí wọn lọ. Lẹ́yìn 25 ó yí padà, nígbà tó sì fi máa kọjá 40, ó ti ń ṣe wọ́n bíi pé wọ́n fi ìdá 20 nínú 100 kéré sí iye ọdún wọn. Ẹ ṣírò ẹ̀ wò, ẹni 50 á máa rí ara ẹ̀ bí ẹni 40, ẹni 70 bí ẹni 56, ẹni 80 bí ẹni 64. Ìyẹn ni pé bí a ṣe ń dàgbà sí i ni iye ọdún tó wà láàárín méjèèjì ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ àkókò tí ẹ̀yin wá ń fi ọjọ́ ìbí nìkan wò wá jù nìyẹn.

Àwọn kan á ní irọ́ là ń pa fún ara wa, pé ikú là ń sá fún. Rárá o. Ẹ bi èyíkéyìí nínú wa, a mọ ọdún tí wọ́n bí wa, a mọ àwọn ẹgbẹ́ wa tó ti lọ, a mọ àtẹ̀gùn tó jẹ́ pé tí a bá gùn ún dé ìdajì a ní láti dúró mí. Ẹni tó wà nínú lọ́hùn-ún ni kì í bá ara rìn dọ́gba. Ohùn tí mo fi ń bá ara mi sọ̀rọ̀ tí mo bá dá wà, èyí tí mo fi ń ro nǹkan tí màá ṣe lọ́la, èyí tó máa ń sọ fún mi láàárọ̀ pé dìde jàre, ohùn yẹn náà ló wà níbẹ̀ nígbà tí mo wà lọ́mọ ọgbọ̀n ọdún, kò tíì gbọ̀n, kò tíì há. Ní Jámánì, ìwádìí kan jáde lọ́dún 2024 tí wọ́n ti bi èèyàn tó lé ní 14,000 pé ọdún mélòó ni èèyàn ń di arúgbó, wọ́n sì ń padà bi wọ́n bí ọdún ṣe ń gorí ọdún. Nígbà tí wọ́n wà lẹ́ni ọdún 64, tí wọ́n bá kó ìdáhùn wọn pọ̀ tí wọ́n pín in dọ́gba, nǹkan bíi 75 ni wọ́n dá. Nígbà tí wọ́n fi máa pé 74, ó ti sún sí nǹkan bíi 77. Bí a ṣe ń sún mọ́ ibẹ̀ nibẹ̀ ń sún síwájú.

Ẹ wo fọ́ọ̀mù tí ẹ máa ń fún wa kọ ná. 18 sí 24, àpótí kan. 25 sí 34, àpótí kan. 35 sí 44, bẹ́ẹ̀ náà. Tó bá wá kan àwa, "65 sókè", ó parí, ẹni 65 tó ṣì ń jí lọ síbi iṣẹ́ àti ẹni 98 tí wọ́n ń gbé dìde lórí bẹ́ẹ̀dì, inú àpótí kan náà ni wọ́n kó wọn sí, bẹ́ẹ̀ iye ọdún tó wà láàárín wọn lè ju èyí tó wà láàárín ẹ̀yin àti ọmọ tí ẹ bí lọ. Ó máa ń dùn mí nígbàkúùgbà tí mo bá fẹ́ máàkì ẹ̀, ẹ má bínú tí mo ń sọ ọ́.

Ṣé ìkejì yìí, iye ọdún tó ń ṣe wá bí ẹni, wá já mọ́ nǹkan kan lójú ẹni tó ń wo aláìsàn? Ó já mọ́ ọn gan-an. Ní England, Isla Rippon àti Andrew Steptoe ti University College London yẹ àkọsílẹ̀ èèyàn 6,489 wò, wọ́n gbé e jáde lọ́dún 2015. Tí a bá pín in dọ́gba, ọjọ́ orí wọn gan-an jẹ́ 65.8, èyí tí wọ́n rí lára wọn jẹ́ 56.8, ọdún mẹ́sàn-án gbáko ló wà láàárín ẹ̀. Wọ́n wá wo àwọn tó kú láàárín bí ọdún mẹ́jọ tó tẹ̀ lé e. Nínú àwọn tó rí ara wọn bí ẹni tó kéré sí ọjọ́ orí ẹ̀, 14.3 nínú 100 ló kú. Nínú àwọn tó ní bí ọjọ́ orí àwọn ṣe jẹ́ náà ló ń ṣe àwọn, 18.5. Nínú àwọn tó rí ara wọn bí ẹni tó dàgbà jù ú lọ, 24.6.

Ẹ̀yin lẹ mọ iṣẹ́ yín, mo mọ̀ pé ẹ ó sọ pé ẹni tí àìsàn ti wà lára ẹ̀ tẹ́lẹ̀ ló máa ní ó ń ṣe òun bí arúgbó, àìsàn yẹn ló pa á, kì í ṣe bó ṣe ń rí ara ẹ̀. Òótọ́ wà níbẹ̀, àwọn tó ṣe ìwádìí yẹn náà sì rò ó, wọ́n gbé àìsàn tó wà nílẹ̀, sìgá, ọtí, owó ọwọ́, ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, àìlèrìn dáadáa, gbogbo ẹ̀ ni wọ́n gbé sínú ìṣirò, àlàfo yẹn dín kù lóòótọ́ àmọ́ kò tán, àwọn tó rí ara wọn bí ẹni tó dàgbà jù ṣì ń kú ju àwọn tó rí ara wọn bí ẹni tó kéré lọ. Nínú ikú tí àìsàn ọkàn fà ni ìyàtọ̀ yẹn ti hàn, kò hàn nínú ti jẹjẹrẹ. Ká tiẹ̀ ní gbogbo ohun tó ṣẹ́ kù yẹn, àìsàn tí ẹ̀rọ ò tíì rí ni, ṣebí ìdí tó fi yẹ kí ẹ bèèrè gan-an nìyẹn? Ara ń sọ nǹkan fún ẹni tó ni ín kí ẹ̀yin tó rí i nínú ẹ̀jẹ̀, ọ̀fẹ́ sì ni, ẹnu lásán lẹ máa fi gbà á.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin fún yín. Ẹni ọdún 78 ni wọ́n nígbà yẹn, wọ́n sì máa ń sọ pé ó ń ṣe àwọn bí ẹni ọdún 60, tí ẹ bá rí wọn ẹ ó gbà. Láàárín oṣù díẹ̀ ni nǹkan yí padà. Wọ́n á jí láàárọ̀, wọ́n á jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, ìbọ̀sẹ̀ kan tí wọ́n fẹ́ wọ̀, wọ́n á tẹ̀ ba, wọ́n á fà á dé ọrùn ẹsẹ̀, wọ́n á gbé orí sókè kí wọ́n lè mí, tí wọ́n bá wọ̀ ọ́n tán wọ́n á gbé ìkejì sórí itan, wọ́n á máa wò ó. Òtútù ń mú wọn níbi tí ooru ti ń mú gbogbo wa. Ohùn wọn há, irun wọn ń re, wọ́n ń sanra bẹ́ẹ̀ wọn ò jẹun tó bí wọ́n ṣe ń jẹ tẹ́lẹ̀. Wọ́n sọ fún mi lórí fóònù pé, "Àbúrò mi, ó ń ṣe mí bí ẹni ọdún 95." Mo bá wọn lọ sọ́dọ̀ dókítà. Wọ́n ṣàlàyé gbogbo ẹ̀ fún un. Ọmọkùnrin yẹn wo kọ̀ǹpútà, ó rí ọjọ́ ìbí wọn, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní "Màmá, ọjọ́ orí ni o, ẹ máa rọra ṣe," ó kọ fítámìn fún wọn, a lọ sílé. Kò jágbe mọ́ wa, kò kanra mọ́ wa, ó tiẹ̀ ṣe dáadáa sí wa, ìyẹn gan-an ni kò jẹ́ ká lè bá a jiyàn.

Ọ̀pọ̀ oṣù ni ẹ̀gbọ́n mi fi gbà bẹ́ẹ̀ o. Wọ́n ti ń pín ẹrù wọn fún àwọn ọmọ, wọn ò jáde mọ́, tí a bá ní ká jọ lọ síbì kan wọ́n á ní kí a fi àwọn sílẹ̀, pé ó ti tó. Dókítà míì, obìnrin, ló wá bi wọ́n pé "Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀?" Wọ́n ní kò tíì pé ọdún kan. Obìnrin yẹn gbé bírò sílẹ̀, ó ní, "Màmá, ẹnì kan kì í fi ọdún kan darúgbó ọdún márùndínlógójì." Ó ní kí wọ́n lọ gba ẹ̀jẹ̀, ẹ̀yà ara kékeré kan tó wà lọ́rùn, tí wọ́n ń pè ní thyroid, ni kò ṣiṣẹ́ tó mọ́. Oògùn kékeré kan ni, wọ́n ń lò ó láàárọ̀ kí wọ́n tó fẹnu kan nǹkan kan. Kò ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ kan, àmọ́ nígbà tó yá ẹ̀gbọ́n mi padà di ẹni tí a mọ̀, wọ́n tún ń bá mi jà lórí fóònù bíi ti tẹ́lẹ̀, mo dúpẹ́.

Ẹ̀yin náà mọ àwọn nǹkan míì tó lè múra bí ọjọ́ ogbó kó sì wọlé sí wa lára: ẹ̀jẹ̀ tí ò tó, vitamin B12 tó lọ sílẹ̀, ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, etí tí ò gbọ́ràn dáadáa mọ́ tó ń jẹ́ kí èèyàn máa fà sẹ́yìn láàárín àwùjọ, oògùn oorun, tàbí oògùn mẹ́fà méje tí dókítà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ kọ tí kò sẹ́ni tó kó gbogbo ẹ̀ pọ̀ wò rí. Ẹni tó bá fò láti 60 sí 95 láàárín ọdún kan, nítorí Ọlọ́run ẹ má fi ọjọ́ ìbí dá a lóhùn.

Ọ̀rọ̀ míì tún wà, èyí á kàn yín tààrà. Tẹ́ẹ̀sì yín àti ọ̀rọ̀ ẹnu yín máa ń fi ọdún kún tiwa. Matthew Hughes, Lisa Geraci àti ẹnì kẹta wọn gbé ìwádìí kan jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2013, wọ́n kọ́kọ́ bi àwọn àgbàlagbà pé ó ń ṣe wọ́n bí ẹni ọdún mélòó, lẹ́yìn náà wọ́n fún wọn ní tẹ́ẹ̀sì ìrántí, irú èyí tí ẹ̀yin náà máa ń ṣe fún wa, wọ́n wá tún bi wọ́n. Kí tẹ́ẹ̀sì tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n wà ní nǹkan bíi 58 àti àbọ̀. Lẹ́yìn ẹ̀, wọ́n ti di 63. Ọdún mẹ́rin àti àbọ̀ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Nígbà tó jẹ́ tẹ́ẹ̀sì ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ ni wọ́n fún wọn, kò sí nǹkan tó ṣe wọ́n. Àwọn ọ̀dọ́ tó ṣe ti ìrántí, kò sí nǹkan tó ṣe àwọn náà. Kódà, kí àgbàlagbà kàn mọ̀ pé wọ́n fẹ́ dán ìrántí òun wò, ìyẹn nìkan ti tó láti sọ ọ́ di arúgbó níbi tó jókòó sí. Mi ò ní kí ẹ má ṣe tẹ́ẹ̀sì o, ó wúlò, àmọ́ ohun tí ẹ ń sọ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ àti ojú tí ẹ fi ń wò wá nígbà tí a bá ń wá ọ̀rọ̀ kan tì, ó ń wọlé sí wa lára.

Ó sì lè gba ọ̀nà kejì. Yannick Stephan àti àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ní ilẹ̀ Faransé fún àwọn àgbàlagbà ní ẹ̀rọ kan tí wọ́n máa fi ọwọ́ fún pọ̀ kí wọ́n lè mọ bí ọwọ́ wọn ṣe lágbára tó. Wọ́n wá sọ fún àwọn kan nínú wọn pé wọ́n ṣe dáadáa ju ọ̀pọ̀ àwọn ẹgbẹ́ wọn lọ, wọn ò sọ nǹkan kan fún àwọn tó kù. Àwọn tí wọ́n yìn, ó ń ṣe wọ́n bí ẹni tó kéré sí ti tẹ́lẹ̀, nígbà tí wọ́n sì tún fún ẹ̀rọ yẹn, agbára ọwọ́ wọn lé sí i. Àwọn tó kù wà bí wọ́n ṣe wà. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni o.

Oorun náà ńkọ́? Ní Sweden, Leonie Balter àti John Axelsson gbé e jáde lọ́dún 2024 pé kí èèyàn sun wákàtí mẹ́rin péré lóru méjì tó tẹ̀ lé ara wọn, ó ti tó kó máa ṣe é bíi pé ó fi ọdún 4.4 dàgbà sí i. Ẹ wá wo bí ẹ ṣe ń ṣe wá tí wọ́n bá dá wa dúró sọ́sibítù, iná kì í kú, ẹ̀rọ ń dún, ní ìdájí kùtùkùtù ẹ ó jí wa láti wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, lẹ́yìn náà dókítà á dé láàárọ̀, á ní màmá yìí ti rẹ̀ gan-an, ó dà bíi pé ọjọ́ orí ti ń mú wọn. Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì, mo mọ̀ pé àṣẹ lẹ ń tẹ̀ lé, mo sì mọ̀ pé ẹ̀yin gan-an ò sùn, àmọ́ ẹ bá wa bá àwọn ọ̀gá yín sọ ọ́, pé ẹni tí ara ẹ̀ ti ń balẹ̀ lè sùn di ilẹ̀ mọ́.

Ní báyìí o, ẹ má lọ gbé e gba ibòmíì. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa pe mí ní "ọmọge wa" nígbà tí mo bá wọlé. Mi ò fẹ́ kí ẹ ní ọjọ́ orí ò ṣe nǹkan kan, torí ó ń ṣe nǹkan, kíndìnrín mi ò mọ̀ pé ó ń ṣe mí bí ẹni ọdún 55, nígbà tí ẹ bá ń wọn oògùn fún mi ọjọ́ orí mi gan-an àti àyẹ̀wò kíndìnrín mi lẹ máa lò. Lọ́dún 2018 bàbá ẹni ọdún 69 kan wà ní Netherlands, Emile Ratelband, tó lọ bẹ ilé ẹjọ́ ní Arnhem pé kí wọ́n bá òun yọ ogún ọdún kúrò nínú ọjọ́ ìbí òun torí pé bó ṣe ń ṣe òun nìyẹn. Ilé ẹjọ́ kọ̀, wọ́n sì ṣe dáadáa lójú tèmi, torí ọ̀pọ̀ ẹ̀tọ́ àti ojúṣe ló so mọ́ ọjọ́ ìbí, kò ṣeé máa sún síwá sẹ́yìn. Ọjọ́ ìbí kò gbọ́dọ̀ kúrò nínú fáìlì. Ìkejì ni mo ní kí ẹ fi kún un. Bákan náà, ẹni tó bá ní ó ń ṣe òun bí 40 nígbà tó jẹ́ 80, tó ṣì ń gun àkàsọ̀ lọ sórí òrùlé, ẹ ní láti bá a sọ̀rọ̀, ẹ kàn máa mọ ibi tí ẹ ti máa bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà torí pé ẹ bèèrè. Àwọn kan sì wà tí iye ọdún wọn bá ara wọn mu gẹ́lẹ́, tí ọkàn wọn balẹ̀ síbẹ̀, ẹ má fi dandan lé e pé kí wọ́n máa ṣe bí ọ̀dọ́.

Dókítà ni Robert Butler tó kọ́kọ́ fún ẹ̀tanú sí àgbàlagbà lórúkọ ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1969, ọ̀kan lára yín ni, ìyẹn ni mo ṣe gbà pé ọ̀rọ̀ yìí lè yé yín ju ẹlòmíì lọ. Lọ́dún 2021 Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, sọ pé nínú èèyàn méjì láyé, ọ̀kan ní irú ẹ̀tanú yẹn lọ́kàn. Becca Levy ti Yunifásítì Yale ti rí i lọ́dún 2002 pé àwọn tó fojú dáadáa wo dídàgbà ara wọn fi ọdún 7.5 pẹ́ láyé ju àwọn tí ò fojú dáadáa wò ó lọ, nínú èèyàn 660 tí wọ́n tẹ̀ lé fún ọ̀pọ̀ ọdún ní ìpínlẹ̀ Ohio. Níbo lẹ rò pé a ti ń kọ́ ojú tí a fi ń wo ara wa? A ń kọ́ ọ níbi gbogbo, àmọ́ tẹ̀yin wúwo, torí ẹ̀yin lẹ mọ ara. Tí ẹ bá ní "ọjọ́ orí ni", a máa ń gbé e lọ sílé bí àbájáde àyẹ̀wò.

Mo mọ̀ pé àkókò yín ò tó, àwọn tó jókòó síta pọ̀. Ìbéèrè yìí ò gba ìṣẹ́jú kan. "Màmá, Bàbá, lọ́sẹ̀ yìí, ó ń ṣe yín bí ẹni ọdún mélòó?" Ojú wa ni kí ẹ wò tí ẹ bá ń bèèrè, ẹ má wo ojú ọmọ tó sìn wá wá, ẹ má sì pariwo mọ́ wa àyàfi tí a bá ní a ò gbọ́. Tí ìdáhùn bá jọ ti ìgbà tó kọjá, ẹ kọ ọ́, ẹ máa bá iṣẹ́ lọ. Tó bá ti fò sókè, ẹ bèèrè ìgbà tó bẹ̀rẹ̀, ẹ bèèrè oògùn tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lò, ẹ bèèrè bí a ṣe ń sùn, ẹ bèèrè bóyá ẹnì kan kú mọ́ wa lọ́wọ́ láìpẹ́, kí ẹ tó wo ọjọ́ ìbí.

Èmi ni,
Ìyá àgbà kan tó ń gba ìtọ́jú lọ́dọ̀ yín